Ọ̀gá ní kí n má kọ mínútì mọ́, pé AI ni yóò máa kọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

Akọ̀wé Bódìjà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń kọ mínútì ìpàdé ní iléeṣẹ́ wa níbí ní Ìbàdàn. Àràárọ̀ Mọ́ńdè la máa ń bá àwọn ará ẹ̀ka Abẹ́òkúta ṣèpàdé lórí fóònù. Láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti gbọ́ pé áàpù tí à ń lò (ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀) ti ní AI tó lè kọ gbogbo ohun tí a bá sọ, wọ́n ní kí n sinmi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì délẹ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ owó kì í pẹ́ tó fi máa di Yorùbá. Akáúńtáǹtì wa ní, "A máa san owó náà lọ́jọ́ Ẹtì." Ohun tí mo bá nínú ìwé ni "Amazon owner, lodge at tea." Ọ̀gá tiẹ̀ pè mí, wọ́n ní ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í bá Amazon ṣòwò.

Èyí tó wá dùn mí jù: ìpàdé parí, àwa mélòó kan ò tíì kúrò lórí ìlà, a ń sọ̀rọ̀ oníbàárà kan tí kì í tètè sanwó. AI ń kọ ọ́ lọ ní tiẹ̀. Orúkọ oníbàárà náà sì wà lára àwọn tí a pè sípàdé, ni ìwé bá lọ bá a nínú íméèlì. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí ọ̀gá ò fi ní rò pé iṣẹ́ mi ni mò ń jà fún?

Ìyá Ìbejì:
Lodge at tea! Ẹ̀rín pa mí lóru yìí o. Àbúrò mi, má bá ọ̀gá jiyàn rárá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, jẹ́ kí AI kọ tiẹ̀, kí ìwọ náà kọ tìẹ. Tẹ méjèèjì jáde, kí o fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo iye owó àti déètì tí kò bára mu. Fi í síwájú wọn, kí o dákẹ́.

Tẹ́kí Ọ̀yọ́:
Ẹ ò sọ áàpù tí ẹ ń lò, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀. Ti Google Meet jáde lọ́dún 2024. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ti fi Faransé, Jámánì, Potogí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kún un, Yorùbá ò sí níbẹ̀. Inú Google Docs ni ìwé rẹ̀ ń lọ, nínú Drive ẹni tó pe ìpàdé. Ẹni yẹn ló sì lè sọ nínú kàlẹ́ńdà àwọn tí ìwé máa dé ọ̀dọ̀ wọn: gbogbo ẹni tí a pè, àbí àwọn ará iléeṣẹ́ nìkan. Zoom náà ní irú rẹ̀ nínú AI Companion tí wọ́n gbé jáde ní September 2023. Ẹ lè ní kó máa wá sọ́dọ̀ ẹni tó pe ìpàdé nìkan. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ tún ṣe, kódà kí ẹ tó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Lọ́yà Ẹ̀gbá:
Ẹ fi òfin kún un. Nigeria Data Protection Act ti wà láti June 2023, ohùn èèyàn sì wà lára ohun tí ó ń dáàbò bò. Àmì kékeré tí áàpù ń gbé sókè lójú fóònù kò tó lójú tèmi. Kí ẹni tó ń darí ìpàdé là á mọ́lẹ̀ pé AI ń gbọ́.

Ará London:
Èmi ò ní dá ọ̀gá lẹ́bi o. Níbi iṣẹ́ tèmi, ẹni tó bá pẹ́ dé á kàn bi AI léèrè ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ máa sọ Yorùbá yín lọ. Tó bá kù díẹ̀ kí ìpàdé parí, kí Akọ̀wé fi Gẹ̀ẹ́sì ka àwọn ìpinnu sókè: ta ló máa ṣe kí ni, èló ni, ọjọ́ wo. Ìyẹn ni AI máa gbọ́ yékéyéké. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òfófó.

Akọ̀wé Bódìjà:
Òfófó kọ́ o, ọ̀rọ̀ gbèsè ni! Mo ti rí ibi tí Tẹ́kí wí, "gbogbo ẹni tí a pè" ló wà lóòótọ́. Mo ti yí i padà. Ọ̀gá gbà kí n máa ka ìpinnu sókè. Wọ́n wá ní kí n kọ íméèlì fi bẹ oníbàárà yẹn.

Ìyá Ìbejì:
Íméèlì kẹ̀? Ọ̀gá ni kó pè é fúnra rẹ̀, kó tiẹ̀ lọ kí i nílé tó bá ṣeé ṣe. Kó má sì dárúkọ gbèsè lọ́jọ́ náà.