Fítámì C, niacinamide àti retinol: èwo ni kí n kọ́kọ́ fi sójú?

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú awọ ojú bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Iwájú orí mi àti imú mi máa ń yọ òróró, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa ń gbẹ, pàápàá bí ọyẹ́ bá ti dé. Irorẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu mọ́. Àpá dúdú tó fi sílẹ̀ ni kò tíì lọ, àpá wọ̀nyí ló sì mú kí n ra sírọ́ọ̀mù (omi ìtọ́jú awọ) mẹ́ta: fítámì C 15%, niacinamide (irú fítámì B kan) 10%, àti retinol (irú fítámì A kan). Hyaluronic acid, èyí tí ń fa omi mọ́ awọ, tí àbúrò mi fi ta mí lọ́rẹ náà wà nílẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú ni pé ohùn àwọn èèyàn kò ṣọ̀kan lórí bí a ṣe ń lò wọ́n pọ̀. Àwọn kan ní fítámì C àti niacinamide kò gbọdọ̀ pàdé lójú kan náà, àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Bí mo bá lo gbogbo wọn láàárọ̀ tí mo wá fi ìpara ààbò oòrùn lé wọn lórí, ńṣe ni ó máa ń yí jọ ní wóróworó lábẹ́ ìka mi, tí n óò sì tún ojú fọ kí n tó jáde. Retinol ní tirẹ̀ máa ń ta mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú títí ibẹ̀ fi ń bó. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe tò wọ́n?

Apoògùn_Ẹ̀gbá:
Ẹ kú ìbéèrè, Àbẹ̀kẹ́. Ètò títò wọn kò le: èyí tó ṣàn jù ni kó ṣáájú, èyí tó ki ni kó tẹ̀lé e, ohunkóhun tó bá ní òróró nínú ni kó kẹ́yìn, nítorí pé ohun tí a fi omi pò kì í ráyè wọlé dáadáa bí òróró bá ti bo awọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni iye ohun líle tí ojú kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ dúdú bíi tiwa máa ń fi àpá dúdú dáhùn bí ohun kan bá ta á tàbí tó bó o, nítorí náà sírọ́ọ̀mù tí ẹ rà láti fi lé àpá lọ lè dá àpá tuntun síbẹ̀ bí ẹ bá fi agbára lò ó.

Ní ti fítámì C, bí ti inú ìgò yín bá jẹ́ L-ascorbic acid, kíkan rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀, ìyẹn ni pé kí pH rẹ̀ (òǹkà tó máa ń kéré sí i bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i) má ju 3.5 lọ, kí ó tó lè wọ inú awọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kan awọ láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ojú tí ẹ sì ti nù ún gbẹ. Ẹ máa yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá ti di àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ti bà á jẹ́, owó yín ló ń dà sójú lásán. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé, ooru ilẹ̀ wa kì í dá a sí.

Ọ̀rọ̀ pé òun àti niacinamide kò gbọdọ̀ pàdé wá láti inú àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ ní yàrá ìwádìí, níbi tí ooru ti ga ju ti ara èèyàn lọ fíìfíì. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ń pò wọ́n pọ̀ sínú ìgò kan náà. Bí lílò wọn pọ̀ kò bá ta yín, ẹ fi niacinamide tẹ̀lé fítámì C. Bí ó bá ta yín, ẹ gbé niacinamide lọ sí alẹ́.

Retinol, alẹ́ nìkan, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń bà á jẹ́. Ẹ fi alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú gbẹ pátápátá kó tó kàn án, torí pé ó tètè máa ń ta awọ tó bá ṣì tutù. Kí ẹ tó fi retinol sójú, ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ imú, igun ẹnu àti ẹ̀bá ẹyinjú, nítorí pé ibẹ̀ ni ó máa ń rọra pé jọ sí, tí yóò sì jó o. Ẹ lè kọ́kọ́ fi ìpara tí ń mú awọ rọ̀ tẹ́ ilẹ̀ fún un, kí ẹ tún fi ìpara kan náà bò ó. Ní alẹ́ retinol, ẹ má fi glycolic acid tàbí salicylic acid, àwọn èròjà kíkan tí ń bó òkú awọ, kún un.

Hyaluronic acid nìkan ni a máa ń fi sí ojú tó ṣì ní omi díẹ̀ lára, kí a sì fi ìpara pa á dé kíá. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ nígbà ọyẹ́, tí ẹ kò sì fi ohunkóhun bò ó, ojú yín lè máa há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá_Tómi_Manchester:
Mo fara mọ́ ohun tí Apoògùn sọ, àyàfi pé n kò rí ìdí tí niacinamide fi ní láti jẹ́ 10%. Èyí tí wọ́n sábà fi ṣe ìwádìí lórí àpá dúdú wà láàárín 2% sí 5%, àwọn tí awọ wọn tètè ń yún sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Òǹkà gíga lára ìgò wulẹ̀ ń mú kí ọjà tà ni.

Ní ti wóróworó yẹn, ohun tó sábà ń fà á ni pé èèyàn fi púpọ̀ jù, tí ó sì ń fi ọwọ́ pa á lọ pa á bọ̀ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ tó gbẹ. Ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta tó fún gbogbo ojú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, ẹ má ha á, ẹ wá dúró ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí dimethicone (irú sílíkónì kan tí ń mú ìpara yọ̀) bá wà lókè nínú àkọsílẹ̀ èròjà ìpara yín àti ti ìpara oòrùn yín, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn jà. Ẹ pààrọ̀ ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí wóróworó dín ìpara oòrùn kù. Gígùn ìka méjì ni kí ẹ tẹ̀ jáde fún ojú àti ọrùn, kí SPF rẹ̀, òǹkà agbára ààbò ara ìgò, jẹ́ 30 ó kéré tán. Bí ó bá ń fi ojú sílẹ̀ bí ẹni kun eérú, ẹ wá èyí tó ní àwọ̀, tí iron oxide (èròjà aláwọ̀ tó wá láti ara irin) wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí pàápàá máa ń mú àpá dúdú sí i lára awọ dúdú, iron oxide yìí ló sì ń dènà rẹ̀.

Alàgbà_Ayò:
Mo ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Kí ni ojú kan ń fi sírọ́ọ̀mù mẹ́rin ṣe? Lójú tèmi, kí arábìnrin wa kó gbogbo rẹ̀ tì, kí awọ rẹ̀ kọ́kọ́ jiná níbi tó ti ń bó, kí ó wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Bí wàhálà bá dé nígbà náà, yóò mọ ẹni tó fà á.

Mo tún fẹ́ béèrè ọṣẹ tí ẹ fi ń fọ ojú, torí pé kò sẹ́ni tó béèrè. Ẹ sì yẹra fún àwọn ìgò aláìlórúkọ tí wọ́n ń tà ní ọjà pé iṣẹ́ ewé àti egbò ni. A ti rí èyí tó ní mẹ́kúrì tàbí sitẹ́rọ́ìdì líle nínú, kò sì sí ètò títò tó lè gba awọ lọ́wọ́ ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá. Ọṣẹ dúdú ni mo fi ń fọ ojú, láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo sì gbàgbé láti sọ pé èmi àti ọkọ mi ń retí oyún lọ́dún yìí. Ṣé ìyẹn yí nǹkan kan padà?

Apoògùn_Ẹ̀gbá:
Ó yí i padà gan-an. Ẹ dá retinol dúró báyìí, ẹ má dúró dìgbà tí oyún bá dúró. Azelaic acid 10% ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ lálẹ́. Ó ń bá irorẹ́ jà, ó ń bá àpá dúdú jà, a sì gbà á láyè fún aboyún. Ó kàn lè máa yún díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Fítámì C, niacinamide àti hyaluronic acid kò ní wàhálà. Síbẹ̀, ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ ń lò han dókítà yín.

Alàgbà béèrè ohun tó yẹ kí èmi ti béèrè. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọṣẹ dúdú wa, pH rẹ̀ sì máa ń tó 9 tàbí 10, nígbà tí ti awọ ojú kò ju bíi 5 lọ. Bí ojú yín bá ń há lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ọṣẹ náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí sírọ́ọ̀mù máa ta yín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ara, kí ẹ fi ọṣẹ olómi tí kò le fọ ojú lálẹ́. Omi lásán ti tó láàárọ̀ bí òróró kò bá pọ̀.

Ní ti àkókò, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kí ẹ tó ṣèdájọ́. Àpá tó jẹ́ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ lókè awọ máa ń tètè ṣí, èyí tó dà bíi pé ó ní àwọ̀ eérú nínú ti wọlé jìn, yóò sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àpá náà bá ń tàn kálẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì lọ́gbọọgba, pàápàá lẹ́yìn tí oyún bá dé, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti irorẹ́. Ẹ lọ rí àwọn dókítà awọ ara ní ilé-ìwòsàn UCH níbẹ̀ ní Ìbàdàn kí ẹ tó ra ìgò mìíràn.