Ṣé kí n kọ́ spin kí n tó dá fò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bó bá gùn díẹ̀. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàlúù ní Florida, Cessna 172 la fi ń kọ́ ọ, ó sì kù díẹ̀ kí n dá fò.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìgbà tí a bá ń yà sí ojú ọ̀nà láti balẹ̀. Bí atẹ́gùn bá gbé bàlúù kọjá ọ̀nà, ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó fẹsẹ̀ ti imú rẹ̀ padà, kó sì tún fa ìtọ́kọ̀ mọ́ra. Ibẹ̀ gan-an ni ìyẹ́ ti ń jáwọ́ nínú gbígbé bàlúù dúró (ìyẹn ni stall), tí bàlúù á máa yí bí òkòtó bó ṣe ń já bọ̀ (ìyẹn ni spin), ilẹ̀ á sì ti sún mọ́ jù.

Mo ti ka ìwé FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, a sì ti fi stall dánra wò lókè réré. Olùkọ́ mi ní òfin kò béèrè spin lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi, òótọ́ sì ni.

Ẹ̀yin awakọ̀ òfuurufú, ṣé kí n sanwó kọ́ spin níbòmíràn kí n tó dá fò? Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.