Àyọlókùnkùn ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀-òun-òjìji

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo ka àbá tó wà nílẹ̀ pé kí á sọ chiaroscuro àwọn ará Ítálì, ìyẹn ọnà fífi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn yàwòrán, di "ìmọ́lẹ̀-òun-òjìji" lédè Yorùbá, kí ó sì kárí àwọn àwòrán ẹ̀sìn Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, àti ti àwọn tó tẹ̀ lé e. N kò fara mọ́ ọn; "àyọlókùnkùn" ni mo fẹ́ kí á pe ti Caravaggio.

Òjìji ní ohun tó ni ín. Òjìji igi, òjìji èèyàn: nǹkan ní láti dínà ìmọ́lẹ̀ kí òjìji tó wà. Ẹ wá wo Ìpè Mátíù tí Caravaggio yà ní 1599 sí 1600 fún ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi ní Róòmù. Jésù àti Pétérù wọlé láti apá ọ̀tún. Mátíù agbowó-òde àti àwọn èèyàn rẹ̀ jókòó ti tábìlì owó. Ìmọ́lẹ̀ dábùú ògiri lókè orí Jésù. Òkùnkùn tó gba ìyókù yàrá náà ńkọ́, ta ló ni ín? Kò sí ohun tó ni ín. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Caravaggio a máa kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn tẹ́ kánfáàsì, kí ó tó fi èyí tó mọ́lẹ̀ lé e. Níbòmíràn, ọ̀dà ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló fi sílẹ̀ láìkun nǹkan mìíràn lé e. Inú òkùnkùn ló ti ń yọ èèyàn jáde. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "àyọlókùnkùn": ẹni tó ń wò ó rí ojú tó yọ lójijì, ẹni tó mọ iṣẹ́ sì mọ̀ pé ayàwòrán ló yọ ọ́. Àwọn ará Ítálì pàápàá ní tenebroso lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tó wá láti ara òkùnkùn lédè Látìnì. Bí a bá kàn yá chiaroscuro lò, ìyàtọ̀ yìí á sọnù.

Kí chiaroscuro fúnra rẹ̀ jẹ́ "ìmọ́lẹ̀-òun-ibòji", fún irú ti Leonardo da Vinci tí ìmọ́lẹ̀ ti ń rọra ṣú lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí a ò fi mọ ibi tó tán sí.

"Ìmọ́lẹ̀-ìgbàlà" tí ẹlòmíràn mú wá dùn létí, àmọ́ ìwàásù ni. Nínú Ìpè Mátíù kan náà, ìmọ́lẹ̀ bà lé àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun tábìlì lápá òsì. Owó ni wọ́n tẹjú mọ́, wọn ò gbójú sókè. Fèrèsé wà nínú àwòrán náà, ìmọ́lẹ̀ ò sì gba ibẹ̀ wọlé. Apá ọ̀tún ló ti wá, níhà ibi tí fèrèsé ilé àdúrà náà gan-an wà. Kí orúkọ ọnà má ṣe parí ìtumọ̀ kí ẹni tó ń wò ó tó wò ó.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni ti Georges de La Tour, ayàwòrán ará Faransé. Nínú Jósẹ́fù Káfíńtà rẹ̀ tó wà ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, ọmọdé Jésù fúnra rẹ̀ ló di àbẹ́là mú, iná náà sì hàn gba inú ìka rẹ̀. Àyọlókùnkùn ni, ṣùgbọ́n a rí orísun iná. Nínú Serapion Mímọ́ tí Zurbarán, ayàwòrán ará Sípéènì, yà ní 1628, aṣọ funfun ló yọ nínú òkùnkùn, kò sí iná kankan lójú àwòrán. Mo dá "àyọlókùnkùn alábẹ́là" lábàá fún ti La Tour. Bí ẹ bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.