Ìbéèrè àsèsílẹ̀ àbí ìbéèrè alálàfo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, pé ká wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dátábéèsì (àkójọ ìsọfúnni inú kọ̀ǹpútà), ní ká máa pe prepared statement inú SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ní "ìbéèrè àsèsílẹ̀". Prepared statement ni ìbéèrè tí a ti fún dátábéèsì sílẹ̀ ṣáájú, tó jẹ́ pé ohun tó ń yí padà nínú rẹ̀ nìkan la ó máa fi ránṣẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Orúkọ náà dùn ún pè. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká gbà á, torí yóò ṣi ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́nà.

Ohun tí a bá ti sè sílẹ̀, jíjẹ ló kù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ yìí rí. Bí ìbéèrè bá dé ọ̀dọ̀ PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn ètò dátábéèsì, á kọ́kọ́ tú gbólóhùn náà wò, á yan ọ̀nà tí yóò gbà, kó tó lọ kó ìdáhùn wá. Prepared statement ń gbà wá lọ́wọ́ títú gbólóhùn kan náà wò lásìkò gbogbo. Ọ̀nà yíyàn ńkọ́? Ní ìgbà 5 àkọ́kọ́, ó ṣì ń tún ọ̀nà yàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń wò ó bóyá ọ̀nà kan lè tó fún gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn fúnra rẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń lọ wá a. Ata la lọ̀ sílẹ̀, a ò tíì gbé ìkòkò kaná.

Materialized view ni "àsèsílẹ̀" yẹ. Ìdáhùn gan-an la gbé pamọ́ níbẹ̀, bí a ò bá sì fi REFRESH sọ ọ́ dọ̀tun, á kan bí ọbẹ̀ àná.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ti ṣi í lóye rí. Mo kọ ètò owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé kan tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 200. Ètò náà á béèrè orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan, á wá padà lọ béèrè owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ: àlọ-àbọ̀ 201 sọ́dọ̀ dátábéèsì. Ojú ìwé náà ń falẹ̀. Mo sọ ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì di prepared statement, mo rò pé ó parí. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí àlọ-àbọ̀ 201 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo fi JOIN kan ṣoṣo, àṣẹ tó ń so tábìlì pọ̀ mọ́ tábìlì, kó gbogbo rẹ̀ wá, ìgbà náà ni ojú ìwé yẹn tó já geere.

Ní tèmi, "ìbéèrè alálàfo" ló bá a mu. Ẹ wo WHERE nọ́ńbà = $1, ìyẹn "níbi tí nọ́ńbà ti jẹ́ $1": $1 yẹn ni àlàfo. Ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ síbẹ̀, ohun tí a fi dí àlàfo náà ló máa jẹ́, kò lè di àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí olè kò fi lè gba ibẹ̀ fi àṣẹ tirẹ̀ há tiwa láàárín. Orúkọ yìí sọ iṣẹ́ ààbò náà kedere. "Àsèsílẹ̀" ò sọ ọ́ rárá.

Àbúrò wa tó ní ká kúkú pe query, ìyẹn ìbéèrè tí a ń bi dátábéèsì, ní "kúẹ́rì", jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Nàìjíríà mọ̀ pé ìwé ìbáwí là ń pè bẹ́ẹ̀. "Ìbéèrè" ti tó. "Atọ́ka" náà ti tó fún index, ohun tí dátábéèsì fi ń tètè rí ohun tó ń wá; ẹ̀yìn ìwé la ti mọ̀ ọ́n.

JOIN ló kù. "Àsopọ̀" ni mo fara mọ́, torí ohun tó so tábìlì méjì pọ̀, bíi nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé. Ẹ jẹ́ ká fi "àdàpọ̀" sílẹ̀ fún UNION, tó ń da ìdáhùn ìbéèrè méjì pọ̀ sójú kan.