Stress kì í ṣe ohùn: ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtẹ̀pè

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Oǹdó ní ká máa pe stress, ìyẹn agbára tí Òyìnbó fi ń pe sílébù (ègé ọ̀rọ̀) kan ju ìyókù lọ, ní "ohùn òkè". Ẹ̀rí wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá: gómìnà, mọ́tò, tíṣà, kọ̀ǹpútà. Ibi tí Òyìnbó fi agbára sí ni àwa fi àmì òkè sí. Kódà, ẹni tó bá ń ka ìròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì, Óńdò ló ń pe Oǹdó.

Síbẹ̀, mi ò gbà. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì ní Àkúrẹ́ níbí, ojoojúmọ́ sì ni èmi àti ọ̀rọ̀ yìí jọ ń wọ̀ ọ́.

Ohùn ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Gbogbo sílébù Yorùbá ló ní tirẹ̀, ìkankan kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún èkejì. Àkúrẹ́ alára, òkè méjì ló ní. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: sílébù kan lolórí, wọn a fà á gùn díẹ̀, wọn a pè é ketekete, wọn a sì gbé ìyókù mì. Nínú banana, àárín nìkan ló yó. Ọmọ Àkúrẹ́ á fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní a kan náà, kò ní rẹ́ ẹnì kankan jẹ.

Mo ti dán "ohùn òkè" wò rí. Mo kọ PREsent àti preSENT sójú pátákó, mo ní kí wọ́n gbóhùn sókè níbi lẹ́tà ńlá. Orin ni kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ! Ohùn ń lọ sókè lóòótọ́, sílébù kò gùn, kò sì le sí i.

Èyí tó wá parí ọ̀rọ̀ lójú tèmi ni ìbéèrè. Bí Òyìnbó bá béèrè pé "Is it a TAble?", TA tí agbára wà lára rẹ̀ gan-an ló máa ń wà nílẹ̀, ble tí kò lágbára ni ohùn á bá gòkè. Ohùn òkè wo la fẹ́ pe ìyẹn?

Àwọn kan ní "ìtẹnumọ́". Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìdánwò oral ti WAEC, wọ́n a kọ "My father BOUGHT a car", wọ́n a ní ìbéèrè wo ni gbólóhùn náà ń dáhùn. Ìtẹnumọ́ gidi nìyẹn. Àwa kì í fi ọ̀fun ṣe é, "ni" la fi ń ṣe é: bàbá mi ló ra mọ́tò, mọ́tò ni bàbá mi rà, rírà ni bàbá mi ra mọ́tò. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ tú u báyìí nínú ọkàn rẹ̀ kì í sábà ṣì í. Ẹ má jẹ́ ká ná ọ̀rọ̀ yẹn síbòmíràn. Ní ti "ìtẹ̀mọ́lẹ̀" tí ẹnì kan mú wá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú.

Ìtẹ̀pè ni tèmi. Bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì náà ni: a tẹ̀ ẹ́, a sì pè é. Ó rọrùn lẹ́nu olùkọ́: "Sílébù wo la tẹ̀ pè?" Ìyàwó mi ní ó jọ ìgbà téèyàn fẹ́ tẹ ẹlòmíràn láago. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò ṣì mí gbọ́.

Èyí tó kù ni orúkọ fún sílébù tí wọ́n ń gbé mì. "Àgbémì" ló ń wá sí mi lẹ́nu, àmọ́ ó ń rùn bí oògùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá òmíràn.