Ìdáhùn: "Oyè àkọ́kọ́" kọ́ ni fáàsì kíláàsì

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo ka àbá tí arákùnrin wa kan gbé kalẹ̀ lánàá, pé ká máa pe fáàsì kíláàsì, ìyẹn ipele èsì tó ga jù tí ẹni tó ń jáde ní yunifásítì lè gbà, ní "oyè àkọ́kọ́", ká sì máa pe ohun tí wọ́n ń fún ẹni tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ dáa jù nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní "ẹ̀bùn àkọ́kọ́". Inú mi ò dùn sí i rárá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ wo "àkọ́" yẹn dáadáa. Àkọ́bí, àkọ́so, àkọ́rọ̀ òjò: èwo nínú wọn ló sọ pé nǹkan náà dára ju èyí tó tẹ̀lé e lọ? Ohun tó kọ́kọ́ dé ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyè àkọ́kọ́ ni B.A. tí a gbà ká tó lọ gba M.A. Ẹni tó fi pásì lásán jáde náà ti gbà á.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fáàsì kíláàsì jáde, 4.72 nínú 5.00. Nínú ìwé ètò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, "Oyè Àkọ́kọ́" ni wọ́n tẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀. Màmá wa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní, "Ìgbà wo ló máa wá gba ìkejì?" Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn.

Ẹ má sì sọ pé ká lo "ipò kìn-ín-ní". Ẹnì kan ló ń mú ipò kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ 4.50 ni ẹnu ọ̀nà fáàsì kíláàsì, ẹni mẹ́wàá lè jọ wọlé. Oyè ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ni mo fara mọ́, torí ọ̀wọ́ ni ìsọ̀rí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wà. (Àmì òkè ló wà lórí "wọ́" o, kì í ṣe ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún àgbà.) Bí ọ̀wọ́ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká fi fáàsì kíláàsì sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn àgbà tó ṣe èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìmọ̀ èdè, fún wa ò tijú láti gba fóníìmù àti mọ́fíìmù wọlé láti inú "phoneme" àti "morpheme" ti Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ̀bùn" ló wá bí mi nínú jù. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, kì í jẹ́ ká pe ohun tí a làágùn gbà ní ẹ̀bùn. Wọ́n á ní ẹni tó bu iyán fún ọ láìbéèrè ló fún ọ lẹ́bùn. Èyí tí o ro oko kí o tó jẹ, èrè rẹ ni. Ẹ̀yẹ ni wọ́n ṣe fún ọmọ tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ dáa jù, ẹ̀yẹ ló sì yẹ ká pè é. Ẹnì kan níbí ti ní ẹ̀yẹ jọ mọ́ ìsìnkú, nítorí "ẹ̀yẹ ìkẹyìn". Mi ò gbà. "Ìkẹyìn" ló gbé ikú wọ inú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ní àpẹẹrẹ mìíràn, kí wọ́n gbé e wá.