Ìrìn Sadako nínú Ringu: báwo ni wọ́n ṣe yà á?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onífíìmù. Nínú Ringu tí Hideo Nakata darí ní Japan lọ́dún 1998, akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n kan, Reiko, ń tọpinpin fídíò kan tí ẹni tó bá wò ó yóò kú lẹ́yìn ọjọ́ 7. Ìrìn Sadako, iwin inú fídíò náà, nígbà tó ń bọ̀ kò jọ ti alààyè rárá. Ṣé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é? Báwo ni ẹni tí kò ní ju kámẹ́rà kan lọ ṣe lè ya irú rẹ̀?

Èsì 1:
Kì í ṣe kọ̀ǹpútà o. Rie Inō tó ṣe Sadako fẹ̀yìn rìn ni, wọ́n wá yí àwòrán náà padà, ìparí di ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn kì í rí ibi tó ń lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń wá ilẹ̀ kó tó gbé ara lé e. Tí ẹ bá yí i padà, ara á ti lọ, ẹsẹ̀ á ṣì máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù wà.

Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó má mì. Kí òṣèré dúró sítòsí, kó kọjú sí kámẹ́rà, kó fẹ̀yìn lọ ní ìgbésẹ̀ 8 sí 10 tí ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Kó dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó rìn, àti lẹ́yìn tó bá rìn tán, kí ẹ lè rí ibi gé.

Èsì 2:
Omi ló máa ń tú àṣírí pé ẹ yí àwòrán padà. Ẹ rẹ irun náà, ṣùgbọ́n ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́, torí ẹ̀kán omi á máa gòkè. Bákan náà ni èéfín àti ewé tó ń já bọ́. Ẹ má fi òṣèré tó ń ṣe akọ̀ròyìn sínú àwòrán kan náà, ẹ yà á lọ́tọ̀. Ẹ pa ohùn ibẹ̀ rẹ́ pátápátá, kí ẹ gba ìró ẹsẹ̀ lọ́tọ̀.

Èsì 3:
Ẹ má tètè fi ìrìn yẹn hàn, mo bẹ̀ yín. (Ẹni tí kò tíì wo fíìmù náà, kó fo èyí.) Nakata pa á mọ́ di ìgbà tí Reiko ti rí egungun Sadako nínú kànga, tí ọjọ́ 7 rẹ̀ ti kọjá, tí gbogbo wa ti mí kanlẹ̀. Nínú ìwé Kōji Suzuki tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, ọkùnrin oníwèé ìròyìn ni Asakawa, ẹni tó wà ní ipò Reiko. Nakata sọ ọ́ di ìyá tó ń dá tọ́mọ, ọmọ náà sì wo fídíò yẹn. Láti ìgbà náà, kì í ṣe ìròyìn ló ń wá mọ́.